Láti Orí Ohùn dé Orí Ìlà: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Àkàyé ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

1.0 Ìfáàrà

Àkàyé ni orúkọ tí àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá fún ẹ̀kọ́ tí ó ń wádìí bóyá ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kà yé e. Orúkọ yìí fúnra rẹ̀ fi hàn pé kíkà wà lọ́tọ̀, yíyé sì wà lọ́tọ̀. Ọmọ ọdún méje lè ka ojú ìwé kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìṣìnà, kí ó má sì lè sọ ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí tàbí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i.

Àpilẹ̀kọ yìí tọpa ìyàtọ̀ náà nínú ìtàn ẹ̀kọ́ ìwé kíkà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ohun tí ó fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé kì í ṣe àìmọ̀kan àwọn olùkọ́ ni ó jẹ́ kí kíkà àkàjáde jọba ní kíláàsì fún ìgbà pípẹ́, bí kò ṣe òfin, ìdánwò àti èrò tí ó pọ̀ jù nínú kíláàsì. Lẹ́yìn èyí ni yóò gbé ọ̀nà ìkọ́ni tuntun kan yẹ̀ wò, èyí tí í ṣe lílo àwòrán ìlapa-èrò. Ìlapa-èrò kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì fún ẹnikẹ́ni tí ó ti kọ́ àròkọ rí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé nínú ti àkàyé, èrò ẹlòmíràn tí ó wà nínú ìwé ni ọmọ ń là sílẹ̀, nínú àpótí, òbìrípo àti ọfà.

2.0 Ilé Kéú, Míṣọ́ọ̀nù àti Ìjọba

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó. Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tẹ̀dó sí, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ Mùsùlùmí. Ní 1854 ni òun àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Ní 1862 ni wọ́n gbà á láàyè láti padà sí Èkó. Àwọn tí kò bá a padà ni ìran wọn ń jẹ́ Èkó-Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n yàtọ̀ sí Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́. Ìtàn yìí ṣe pàtàkì sí ẹ̀kọ́ ìwé, nítorí pé ilé kéú ni ilé ìwé àkọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọ ní agbègbè náà.

Nínú ilé kéú, ọmọ a máa ka ohun tí a kọ sára wàláà sókè títí yóò fi mọ́ ọn lórí. Ìtumọ̀ a máa tẹ̀lé e lẹ́yìn, láti ẹnu àfáà, ní èdè Yorùbá. Ètò náà kò fi ohùn pe òye. Ó kàn fi ohùn ṣáájú òye ni, ó sì mọ ibi tí òye yóò ti wá. Àwọn míṣọ́nnárì pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ láti orí ohùn. A-B-D ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ oníhunjọ, lẹ́yìn náà gbólóhùn. Ṣùgbọ́n nítorí pé Yorùbá ni ìwé wọn àkọ́kọ́, ọmọ tí ó bá pe ọ̀rọ̀ kan jáde ń gbọ́ ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ láti ilé.

Òfin ni ó yí ọ̀ràn padà. Òfin ẹ̀kọ́ 1882 ka kíkà àti kíkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì sí iṣẹ́ ilé ìwé, kò sì ka èdè ilẹ̀ wa sí. Òfin 1887 tẹ̀lé e, ó sì so owó ìrànwọ́ ìjọba mọ́ èsì ìdánwò. Bí ọmọ bá ka ìwé jáde níwájú aṣàbẹ̀wò láìkọsẹ̀, owó yóò wọlé fún ilé ìwé. Etí aṣàbẹ̀wò a máa gbọ́ ohùn, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún un láti rí òye. Ohun tí òfin ń san owó fún ni olùkọ́ sì ń kọ́ ọmọ.

Nígbà tí ìjọba dá ilé ìwé Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó ní 1896, ní Ẹ̀pẹ́ ní 1898, àti ní Àgbádárìgì ní 1899, ọ̀nà méjèèjì pàdé. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí ó ti mọ bí a ti ń ké Lárúbáwá láìtíì mọ ìtumọ̀ rẹ̀ wá bá ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kà lọ́nà kan náà. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àfáà a máa ṣe ìtumọ̀ nígbẹ̀yìn. Ètò ìdánwò ìjọba kò fi dandan lé e pé kí olùkọ́ ṣe é.

3.0 Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ àti Èrò Kíláàsì

Láti 1954 ni Èkó ti di olú-ìlú tí ó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, àwọn ọmọ ìlú méjèèjì jàǹfààní rẹ̀ ṣáájú àwọn ọmọ Èkó, tí tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní 1957. Iye ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn fò láti 456,600 ní 1954 sí 811,432 ní 1955.

Ohun ńlá ni èyí jẹ́. Àwọn òbí tí kò mọ ìwé rí ọmọ wọn tí ń ka lẹ́tà fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n gbà sí iṣẹ́ olùkọ́ ni kò tíì gba ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ẹni tí ó bá dá dúró níwájú ọ̀pọ̀ ọmọ, tí ìwé kò sì kárí wọn, kò ní ọ̀nà tí ó rọrùn ju kí ó kà, kí wọ́n sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ohùn àjùmọ̀kà a máa dùn létí, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan: ó ń bo ẹni tí kò yé mọ́lẹ̀. Bí ogún ọmọ bá mọ ohun tí wọ́n ń kà, tí ogún mìíràn sì kàn ń ya ẹnu, ohùn kan náà ni olùkọ́ yóò gbọ́.

Kì í ṣe pé ìwé tí ó dára kò sí. Ìwé Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ, àti Táíwò àti Kẹ́hìndé tí D. O. Fágúnwà àti L. J. Lewis kọ, gba ọ̀nà tí ó bá ọmọdé mu, wọ́n sì ní àwòrán. Àwòrán inú wọn ń fi ènìyàn àti ohun inú ìtàn han ọmọ. Èyí tí ó kù ni àwòrán tí ọmọ fúnra rẹ̀ yóò yà láti fi han olùkọ́ bí ìtàn náà ti rí lọ́kàn òun.

4.0 Ẹ̀rí Ifẹ̀

Ìbéèrè tí ó ṣáájú ti àwòrán ni ti èdè. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ìwé St. Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì ìdánwò ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Olùkọ́ tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ dáadáa ni ó sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Kíláàsì kejì lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, ó sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tí ó kù.

Èsì rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ tí ó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ní 1977 náà fara mọ́ lílo èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èyí wúlò fún Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ti di ara Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1967, tí ìjọba Alhaji Lateef Jákàńdè sì tún ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwé sílẹ̀ fún ogunlọ́gọ̀ ọmọ láti 1979. Èrò tún kún kíláàsì. Ìṣòro 1955 sì tún yọjú.

5.0 Àwòrán Ìlapa-Èrò

Ní 1960, David Ausubel ti Amẹ́ríkà sọ pé ẹ̀kọ́ tuntun kì í dúró lọ́kàn bí kò bá rí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ so mọ́. Láti orí èyí ni Joseph Novak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cornell ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ìsopọ̀ èrò ní 1972. Ọ̀nà náà kò pẹ́ kó dé Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, Peter Òkèbùkọ́lá fi í ṣe ìwádìí nínú ẹ̀kọ́ báyọ́lọ́jì, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní nǹkan bí 1988 sí 1990: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ya àwòrán ìsopọ̀ èrò lóye ju àwọn tí kò yà á. Ní ti ìwé kíkà, ìgbìmọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ka irú àwòrán bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn ọ̀nà àkàyé tí ẹ̀rí wà fún, nínú ìjábọ̀ 2000.

Bí wọ́n bá fẹ́ lò ó fún ọmọ kíláàsì kẹta ní Ẹ̀pẹ́, ìtàn Kòsọ́kọ́ tó. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kà á, ọmọ yóò ya àpótí mẹ́rin, yóò sì fi ọfà so wọ́n pọ̀: ogun Èkó ní 1851, ìtẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, àdéhùn 1854, ìpadàbọ̀ 1862. Ọmọ tí ó bá fi ìpadàbọ̀ ṣáájú àdéhùn ti fi ibi tí kò yé e han olùkọ́. Ohùn àjùmọ̀kà kò lè fi èyí hàn láé. Fún ìfiwéra, òbìrípo méjì tí ó wọnú ara wọn ni yóò dára jù. Ìkòròdú yóò wà nínú ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀nà Ṣágámù. Ẹ̀pẹ́ yóò wà nínú èkejì pẹ̀lú Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sà àti ẹja pípa yóò wà láàárín. Ṣọ́ọ̀kì àti pátákó tó iṣẹ́ náà. Bí ìwé kò bá sí, ilẹ̀ yanrìn tó.

Ṣùgbọ́n ewu méjì wà níbẹ̀. Èkíní ni pé olùkọ́ lè ya àwòrán náà sójú pátákó, kí àwọn ọmọ sì dà á kọ. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, àjùmọ̀kọ ni ó rọ́pò àjùmọ̀kà, òye kò sì wọlé. Èkejì ni ti èdè. Bí ọ̀rọ̀ inú àpótí bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ kò gbọ́, ìlà àti ọfà kò lè bá a túmọ̀ rẹ̀. Àwòrán a máa to òye tí ó ti wà. Kì í dá òye sílẹ̀ láti inú òfìfo.

6.0 Ìkádìí

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, Gómìnà Akínwùnmí Ambode, tí í ṣe ọmọ Ẹ̀pẹ́, fọwọ́ sí òfin tí ó sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní àwọn ilé ìwé Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ gba ìlànà pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí ti Ifẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kan náà fagi lé e, ó sì dá Gẹ̀ẹ́sì padà sípò èdè ìkọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìpinnu yìí mú ọmọ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ padà sún mọ́ ibi tí òfin 1882 fi àwọn baba ńlá rẹ̀ sí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ṣì ṣí sílẹ̀: iṣẹ́ Yorùbá fúnra rẹ̀. Níbẹ̀ ni olùkọ́ ti lè kọ́ ọmọ láti la èrò ìtàn sílẹ̀ ní èdè tí ó gbọ́, kí ọmọ tó gbé ọgbọ́n kan náà lọ sínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ àwọn tí ó ń kọ́ olùkọ́, pàápàá ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Noforija lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, tí ó di ara Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2022. Bí àwọn aṣàbẹ̀wò bá sì ṣì ń fi etí nìkan wọn ìwé kíkà, ohùn ni wọn yóò máa gbọ́. Ìlà tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà ni yóò fi hàn wọ́n bóyá ohun tí ó kà yé e.