Haggis: Báwo ni ẹran inú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá fún ṣe di oúnjẹ iyì ní Scotland?

Ní alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdọọdún, àwọn ọmọ Scotland nílé àti lẹ́yìn odi máa ń dìde dúró láti fi ọ̀wọ̀ gba oúnjẹ kan wọlé. Ẹni tó ń fun fèrè alápò yóò ṣíwájú, ẹni tó gbé àwo yóò tẹ̀ lé e, ẹnìkan yóò sì ké ewì lé oúnjẹ náà lórí, yóò fi ọ̀bẹ là á. Haggis ni orúkọ oúnjẹ náà. Ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti fùkù àgùntàn ló wà nínú rẹ̀.

Irú ẹran inú yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn níbòmíràn kì í fẹ́ fojú rí. Kí ló fà á tó fi jẹ́ oúnjẹ iyì níhìn-ín, tó sì jẹ́ ohun ìríra lọ́hùn-ún?

Kí ni haggis?

Wọ́n máa ń bọ ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti fùkù náà, wọn a gé wọn wẹ́wẹ́, wọn a sì pò wọ́n mọ́ ọkà óòtì, àlùbọ́sà, ọ̀rá, iyọ̀ àti ata. Láyé àtijọ́, inú àpòlúkù àgùntàn ni wọ́n ń dì í sí kí wọ́n tó sè é. Lónìí, awọ àtọwọ́dá ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò.

Ẹran inú tètè máa ń bàjẹ́, kò sì sí ẹ̀rọ amóhuntutù nígbà náà. Ẹni tó pa àgùntàn kan ṣoṣo kò lè sọ ohunkóhun nù lára rẹ̀.

Ta ló gbé e ga?

Kì í ṣe Scotland nìkan ni wọ́n ti mọ haggis. Ìwé ìdáná tí Gervase Markham ṣe ní England lọ́dún 1615 ti dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1786, akéwì Robert Burns, ọmọ àgbẹ̀ tí wọ́n bí ní Alloway lọ́dún 1759, kọ ewì ìyìn fún haggis. Ó gbé e lékè oúnjẹ àwọn Faransé, ó sì ní òun ló ń fún ará oko lágbára.

Lọ́dún 1801, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ikú Burns, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ péjọ ní ilé tí wọ́n bí i sí, wọ́n sì jẹ haggis ní ìrántí rẹ̀. Ibẹ̀ ni àsè ọdọọdún náà ti ṣẹ̀. Iyì rẹ̀ pọ̀ débi pé ní 1984, ilé iṣẹ́ Macsween ní Edinburgh ṣe haggis tí kò ní ẹran fún àwọn tí kì í jẹran.

Ọ̀rọ̀ ṣàkì ní England

Ṣàkì kò rí irú ìyìn bẹ́ẹ̀. Ní Lancashire, ṣàkì jẹ́ oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ òwú, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á sì pọ̀. Nígbà tí George Orwell gbé ìwé The Road to Wigan Pier jáde lọ́dún 1937, ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ilé kan tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù ṣàkì, ó sì ṣàpèjúwe ibẹ̀ bí ibi ẹlẹ́gbin.

Ìwé kan ṣoṣo kọ́ ló lé ṣàkì lọ. Nígbà tí òdiwọ̀n tí ìjọba fi sí ẹran nítorí Ogun Àgbáyé Kejì dópin lọ́dún 1954, tí owó sì ń wọlé sí i, ọ̀pọ̀ ènìyàn yan ẹran gidi. Ṣàkì wá di ohun tó ń rán wọn létí òṣì.

Òfin àti ìlera

Kì í ṣe gbogbo ìbẹ̀rù ẹran inú ni kò nídìí. Láti ọdún 1971 ni Amẹ́ríkà ti fòfin de jíjẹ fùkù ẹran ọ̀sìn, nítorí eruku àti ohun inú ikùn tó lè wọ inú rẹ̀. Fún ìdí èyí, haggis tí wọ́n ń ṣe fún ọjà ibẹ̀ kì í ní fùkù. Lọ́dún 1989, Britain fòfin de ọpọlọ àti ìfun màlúù nítorí àrùn wèrè màlúù.

Ẹ̀dọ̀ máa ń ṣara lóore, àmọ́ àjọ ìlera NHS gba aláboyún nímọ̀ràn pé kó yàgò fún ẹ̀dọ̀ àti haggis, nítorí pé àpọ̀jù fítámì A lè pa ọmọ inú lára.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ṣàkì, fùkù, abọ́dì àti ìfun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bèèrè bí wọ́n bá bu àmàlà fún wọn, àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní London sì ń ra ṣàkì ní Peckham. Àwọn àgbà ní bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní pàǹkàrá, wọn a bá a fi kólẹ̀. Àwọn ọmọ Scotland kò pe igbá tiwọn bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí àlejò fi ń bá wọn dìde fún oúnjẹ tálákà ní gbogbo ọjọ́ 25 oṣù Kìíní.