Ọ̀pá Idẹ Tiwọn, Dígí Àjèjì: Ìbẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Awò-Awọ̀nàjíjìn Ológun ní Rọ́ṣíà Ayé Ọba

Àwọn òǹkọ̀wé ìtàn tó ń sọ nípa ohun ìjà Rọ́ṣíà ayé ọba a máa ka ìbọn, wọn a ka àgbá, wọn a ka ọkọ̀ ogun. Awò-awọ̀nàjíjìn olójú méjì kì í sábà wọ inú kíkà náà. Bó bá tilẹ̀ wọ̀ ọ́, iléeṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe é ni wọ́n máa ń jà lé lórí. Ìbéèrè yẹn dára, àmọ́ ó kù díẹ̀ káàtó, torí ohun méjì ló para pọ̀ di awò-awọ̀nàjíjìn: ọ̀pá idẹ tó wà lóde, àti dígí tó wà nínú. Láàárín 1905 sí 1914, àwọn oníṣẹ́ Rọ́ṣíà kọ́ bí a ti ń ṣe ọ̀pá náà, wọ́n kọ́ bí a ti ń lọ dígí títí yóò fi dán, wọ́n sì kọ́ bí a ti ń to gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ojú méjèèjì lè rí àwòrán kan ṣoṣo. Ní ti dígí fúnra rẹ̀, ilẹ̀ òkèèrè ló ti ń wá. Àlàfo yìí ni mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn náà, òun sì ni mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ níbí.

Kì í ṣe pé awò ṣàjèjì sí Rọ́ṣíà. Ní àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún, Mikhail Lomonosov ti ń ṣiṣẹ́ lórí awò tí atukọ̀ lè fi wo òkun lálẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, Ivan Kulibin di ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Akadẹ́mì Sáyẹ́ǹsì ní St. Petersburg. Ní Moscow, ìdílé Tryndin ń ṣe irinṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì ń tà á. Iṣẹ́ ọwọ́ ni gbogbo èyí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣe é, bí ẹni tó wá rà á bá ti fẹ́ ẹ. Nígbà tí ìjọba bá nílò ohun ńlá, òkèèrè lojú wọn máa ń lọ. Ilé ìwojú-ọ̀run Pulkovo ṣí ní 1839. Iléeṣẹ́ Merz àti Mahler ní Munich ló ṣe awò ńlá rẹ̀. Èyí tó tún tóbi jù ú lọ, tó dé ní 1885, iléeṣẹ́ Alvan Clark ní Amẹ́ríkà ló lọ lẹ́ńsì rẹ̀, iléeṣẹ́ Repsold ní Hamburg ló sì ṣe ìdúró rẹ̀. Àṣà ríra yìí kò tíì yí padà nígbà tí àwọn ológun bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè awò tiwọn.

Awò tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ológun ń lò ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún jẹ́ irú ti Galileo: lẹ́ńsì ayọkùn níwájú, lẹ́ńsì ajinnú níbi tí a ń gbé ojú sí. Kò wọ́n, kò sì le láti ṣe. Àmọ́ bí ẹ bá ní kó mú nǹkan tóbi ju ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, ibi tí ẹ lè rí yóò há bí ẹni ń yọjú láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Ní 1854, Ignazio Porro, ará Ítálì, fi hàn pé prísímù lè yí àwòrán tó dorí kodò padà sí bó ti yẹ, kó sì ká ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ kúrú. Ìmọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn fún ogójì ọdún. Prísímù nípọn, ìmọ́lẹ̀ sì gbọ́dọ̀ la inú rẹ̀ já láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Dígí ìgbà náà kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní 1884 ni Otto Schott dá iléeṣẹ́ dígí sílẹ̀ ní Jena, ní Jámánì. Ní 1893, Ernst Abbe gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí awò oníprísímù fún iléeṣẹ́ Carl Zeiss ní ìlú kan náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1894. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá fẹ́ awò ológun tó dára, Jena ló ń wò.

Ní Rọ́ṣíà, ọ̀gá ológun máa ń fi owó ara rẹ̀ ra awò, bó ṣe ń ra ẹ̀wù. Ẹni tó bá rí jájẹ ra Zeiss. Ẹni tí kò rí jájẹ ra irú ti Galileo láti Faransé, tàbí kó máa fi ojú lásán wo ọ̀tá. Ogun pẹ̀lú Jàpáànì, 1904 sí 1905, ló sọ èyí di ohun ìtìjú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun náà, àwọn oníbọn àgbá Rọ́ṣíà ṣì ń to àgbá wọn sórí òkè gbangba bí àwọn bàbá wọn ti ń ṣe, ọta àwọn ará Jàpáànì sì ń run wọ́n níbẹ̀. Ní oṣù keje 1904, ní Tashichao ní ilẹ̀ Manchuria, ọ̀gá ológun kan tó ń jẹ́ Pashchenko fi àgbá rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn òkè, ó sì ń yìn ín lu àwọn tí kò lè rí i. Àṣeyọrí rẹ̀ yí iṣẹ́ àgbá padà. Àgbá kò tún rí ohun tó ń yìn mọ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó síbi gíga, kó wo ọ̀tá, kó wọn ọ̀nà, kó sì ránṣẹ́ sẹ́yìn.

Ibí yìí ni awò ti kúrò ní ohun ìwòran tó di irinṣẹ́ ìwọ̀n. Àwọn oníbọn àgbá Rọ́ṣíà pín òbìrìkítí sí ọ̀nà 6000, wọ́n sì ń pe ìpín kọ̀ọ̀kan ní ìdá ẹgbẹ̀rún. (Onímọ̀ ìṣirò yóò ní kò pé, pé ó yẹ kó lé ní 6280, òótọ́ ni, àmọ́ 6000 rọrùn láti pín lójú ogun.) Ìlà kéékèèké tí wọ́n ya sínú dígí awò ló ń fi ìpín náà hàn. Bí ilé kan tó fẹ̀ ní sazhen (ìwọ̀n gígùn àwọn ará Rọ́ṣíà nígbà náà) márùn-ún bá gba ìpín márùn-ún lójú awò, ilé náà jìnnà ní 1000 sazhen. Ẹ fi míta tàbí ẹsẹ̀ bàtà rọ́pò sazhen, ìṣirò náà kò yàtọ̀. Ọ̀gá ológun tí kò ní irú awò yìí kò lè darí àgbá tó wà lẹ́yìn òkè. Ọ̀rọ̀ náà sì ti kọjá ohun tí olúkúlùkù ń fi owó oṣù ra.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀ ni iléeṣẹ́ irin Obukhov ní St. Petersburg. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1863 láti máa rọ àgbá, ó sì ti di ti àwọn ọmọ ogun ojú omi pátápátá kí ọ̀rúndún náà tó parí. Ní 1905 ni wọ́n ṣí ẹ̀ka awò síbẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ jẹ wọ́n lógún ni awò ìfojúsùn fún àgbá ọkọ̀ ogun, èyí tí Perepelkin, ọ̀gá ológun ojú omi kan, ṣe ètò rẹ̀. Nígbà tó yá, Alexander Gershun, onímọ̀ físíìsì, gba ipò olórí ẹ̀ka náà, iṣẹ́ sì gbòòrò dé awò àgbá orí ilẹ̀ àti awò-awọ̀nàjíjìn olójú méjì. Mo gbà pé Gershun ló yẹ kí a máa pè ní baba iṣẹ́ yìí, kì í ṣe nítorí pé ó dá nǹkan tuntun sílẹ̀, bí kò ṣe nítorí pé ó mú onímọ̀ yunifásítì àti alágbẹ̀dẹ jókòó sídìí tábìlì kan. Ìṣirò lẹ́ńsì tí wọ́n ti ń ra pẹ̀lú awò láti Jámánì, ilé ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí.

Yàtọ̀ sí Obukhov, ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn ìjọba náà ni àwọn yòókù wà. Ní Warsaw, tó wà lábẹ́ Tsar nígbà náà, Aleksander Ginsberg dá iléeṣẹ́ Fos sílẹ̀ ní 1899. Ní Riga, Zeiss fúnra rẹ̀ àti Goerz ti Berlin ṣí ẹ̀ka kí wọ́n lè máa to awò fún ọjà Rọ́ṣíà nínú Rọ́ṣíà. Èrò ọjà dára: ojú irin já tààrà sí Jámánì, oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kò sì wọ́n. Èrò ogun ni kò sí níbẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Warsaw bọ́ sọ́wọ́ Jámánì ní oṣù kẹjọ 1915, Riga tẹ̀ lé e ní 1917.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1914, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ aládàáni kan sílẹ̀ fún awò àti ẹ̀rọ ní St. Petersburg, owó Faransé wà nínú rẹ̀, Gershun sì wà lára àwọn tó ń darí iṣẹ́. Òpópónà Chugunnaya, ní apá Vyborg ìlú náà, ni wọ́n kọ́ ọ sí. Wọn kò tíì parí kíkọ́ rẹ̀ tí ogun náà fi dé.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹnubodè tì. Dígí Schott kò wọlé mọ́. Kì í ṣe Rọ́ṣíà nìkan lọ̀rọ̀ náà bá: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1914, Lord Roberts ní láti bẹ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n yá àwọn ológun ní awò tí wọ́n fi ń wo ìje ẹṣin. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹni tó ń yọ́ dígí awò, Rọ́ṣíà kò ní.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ẹni tí kò bá mọ bí iṣẹ́ yìí ti le tó yóò máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí orílẹ̀-èdè tó ń rọ àgbá kò fi lè yọ́ iyanrìn. Dígí fèrèsé tí ó ní ìlà díẹ̀ nínú kò pa ẹnikẹ́ni lára. Dígí awò gbọ́dọ̀ rí bákan náà láti òkè délẹ̀: kò gbọdọ̀ ní ihò afẹ́fẹ́, kò gbọdọ̀ ní àwọ̀, kò gbọdọ̀ ní ìlà bí iṣan, èyí tó ń wáyé nígbà tí apá kan bá wúwo ju èkejì lọ. Amọ̀ tí wọ́n fi mọ ìkòkò ìyọ́dígí gan-an lè yọ́ sínú rẹ̀, kó bà á jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Pierre-Louis Guinand, ará Switzerland, rí i pé bí a bá fi ọ̀pá amọ̀ ro dígí tó ti yọ́, ìlà náà yóò parẹ́. Lẹ́yìn ríro, a gbọ́dọ̀ jẹ́ kó tutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nígbà mìíràn, kó má baà sán. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìkòkò kan ló ń wúlò. Wọ́n á kó èyí tó kù dànù.

Àṣírí ríro yìí kò jáde nínú ìwé. Láti ọwọ́ àwọn ọmọ Guinand ló ti dé ọ̀dọ̀ Georges Bontemps ní Faransé. Nígbà tí rògbòdìyàn 1848 lé Bontemps kúrò nílé, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ Chance Brothers nítòsí Birmingham. Apá kan rẹ̀ kù sí Paris, lọ́wọ́ iléeṣẹ́ Parra-Mantois. Schott ní tirẹ̀ ṣe ìwádìí tuntun. Nígbà tí ogun bẹ́, ọwọ́ ibi mẹ́ta yìí ni iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà tán: ọ̀kan di ọ̀tá, méjì tó kù sì ń wá dígí fún ogun tiwọn.

Ibi tí Petrograd, orúkọ tí St. Petersburg ń jẹ́ nígbà ogun náà, ti wá ọ̀nà àbáyọ lè ya ènìyàn lẹ́nu: iléeṣẹ́ abọ́ tánganran ọba ni, èyí tó ti wà láti 1744, tó ń ṣe abọ́ àti ère fún ààfin. Ó mọ́gbọ́n dání. Àwọn níbẹ̀ ló mọ ìléru tó gbóná jù, àwọn ló sì mọ amọ̀ tí iná kì í jẹ. Nikolai Kachalov ló ṣíwájú iṣẹ́ náà níbẹ̀. Dmitry Rozhdestvensky, onímọ̀ físíìsì, àti Ilya Grebenshchikov, onímọ̀ kẹ́mísìrì, wà pẹ̀lú rẹ̀. Ìdánwò ilé nìkan kò tó. Kachalov rin ìrìn àjò lọ sọ́dọ̀ Chance Brothers, wọ́n sì gbà láti ta àṣírí iṣẹ́ náà fún orílẹ̀-èdè tí wọ́n jọ ń jagun. Ní 1916, dígí awò jáde láti inú ìléru Petrograd. Kò pọ̀, àìní ojú ogun sì ju ohun tó lè tán lọ. Gershun kò rí i. Ó ti kú ní 1915.

Ìtàn dígí yìí kan àwọn tó ń kó awò àtijọ́ jọ lónìí, àti àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó ń kọ àkọlé sí wọn. Ẹyẹ idì olórí méjì tó wà lára awò ń sọ pé ti ìjọba ni; orúkọ Obukhov ń sọ ibi tí wọ́n ti tò ó. Àkọlé tó kọ “ti Rọ́ṣíà” sábẹ́ awò 1910 tọ̀nà ní ti ọ̀pá idẹ rẹ̀, ní ti iṣẹ́ ọwọ́, àti ní ti ìṣirò pàápàá. Ní ti dígí, kí ó wá láti òkèèrè ló bójú mu fún gbogbo èyí tó ṣáájú 1916. Lẹ́yìn 1916 ni ọ̀rọ̀ tún wá díjú sí i, torí dígí Petrograd àti ti Birmingham, ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi yọ́ wọn.