Oúnjẹ Màálù ní Ìkirè àti Àpòmù: Kí Ni A Fẹ́ Fi Sóyà Ṣe?

Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ gúúsù Nàìjíríà fẹnu kò ní Àsàbà pé kí dída màálù káàkiri dópin. Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ìjọba tí yóò máa bójú tó ẹran ọ̀sìn nìkan sílẹ̀. Àṣẹ rọrùn láti pa. Màálù tí a so mọ́lẹ̀ kò ní tìtorí òfin gbààwẹ̀, ẹnìkan ni yóò gbé oúnjẹ bá a, owó oúnjẹ náà ni yóò sì sọ bóyá ọlọ́sìn jèrè tàbí ó gbèsè. Èyí tó wọ́n jù nínú oúnjẹ náà ni amúaradàgbà, tí àwọn mìíràn ń pè ní purotéènì.

Sóyà àti kéèkì ẹ̀pà ni a sábà máa ń gbọ́ bí a bá béèrè ibi tí yóò ti wá. Láìpẹ́ yìí, wọ́n ti fi ìdin kún un. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé, fún màálù tí a fẹ́ mú sanra ní Ìkirè àti Àpòmù, kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó yẹ kó ṣíwájú. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí à ń dà nù àti ewé agúnmaniyè ló yẹ ká kọ́kọ́ nawọ́ sí, kí kéèkì ẹ̀kùrọ́ tẹ̀ lé wọn.

Ojú adìẹ ni a fi ń wo màálù, ibẹ̀ ni àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí oúnjẹ adìẹ bá ṣe dára tó ni ara rẹ̀ yóò ṣe rí, ìdí nìyẹn tí kò fi lè fọwọ́ rọ́ sóyà sẹ́yìn. Màálù kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àpòlúkù rẹ̀, ibi tí alápatà ń gé tà fún wa ní ṣàkì, àìmọye kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ń gbé níbẹ̀. Àwọn ló ń fọ́ koríko wẹ́wẹ́. Bí wọ́n bá rí náítírójìn àti agbára lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa bí sí i, wọ́n á máa ṣàn lọ sínú ìfun, màálù á sì dà wọ́n gẹ́gẹ́ bí amúaradàgbà. Kódà, èyí tó pọ̀ jù nínú sóyà olówó gọbọi tí a bá fún un ni àwọn kòkòrò yìí yóò kọ́kọ́ tú palẹ̀ kí wọ́n tó tún un kọ́. Bọ́ kòkòrò inú ṣàkì, o ti bọ́ màálù.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, koríko gbígbẹ apá ibí kì í sábà ní ju ìdá 3 sí 5 amúaradàgbà nínú 100 lọ. Bí oúnjẹ bá ti rẹlẹ̀ sí ìdá 7, ọwọ́ àwọn kòkòrò náà á rọ, koríko á pẹ́ nínú, ikùn á kún, ẹran á sì máa rù. Èyí tí a fẹ́ kó sanra fún títà nílò nǹkan bí ìdá 11 sí 13.

Kí ló wà nílẹ̀? Dòdò Ìkirè ni gbogbo arìnrìn-àjò ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ mọ̀, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò ní gbé e ga ju bó ti yẹ lọ: kò pọ̀ tó èèpo ẹ̀gẹ́. Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lágbàáyé, ó lé ní mílíọ̀nù 50 tọ́ọ̀nù lọ́dún, gàrí sì ni èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ń dà. Lẹ́yìn ilé gàrí, èèpo á ga bí òkìtì, ewúrẹ́ á gun orí rẹ̀, èyí tí ewúrẹ́ bá jẹ kù á rà tàbí kí wọ́n dáná sun ún. Amúaradàgbà inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 5 lọ. Agbára ló fi sanwó, agbára yìí gan-an sì ni kòkòrò inú ṣàkì nílò kí náítírójìn tó lè wúlò fún wọn.

Èèpo tútù ní oró, pàápàá ti ẹ̀gẹ́ kíkorò, sísá ló sì ń dín in kù. Ìgbà òjò ni ìṣòro. Èèpo tí a tẹ́ sí etí títì lè lo ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, yanrìn á wọ̀ ọ́, òjò á pa á, á bu. Àwọn onímọ̀ ILRI, àjọ ìwádìí ẹran ọ̀sìn tó ní ọ́fíìsì nínú ọgbà IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ti la ọ̀nà kan: kí a rin èèpo náà bí a ti ń rin ẹ̀gẹ́, kí a rọ ọ́ sínú àpò, kí a fi jáàkì tẹ omi rẹ̀ jáde, kí a tú u, kí a sẹ́ ẹ, kí a wá sá a. Láàárín wákàtí 6 sí 8 oòrùn, ó ti gbẹ. Tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù ń di tọ́ọ̀nù 1 gbígbẹ. Èyí tó kúnná dára fún adìẹ, èyí tí kò kúnná ni ti màálù. Ẹ wo ohun èlò tí iṣẹ́ náà gbà: ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́, àpò, jáàkì, asẹ́. Kò sí ilé gàrí tí a kò ti lè bá wọn. Ilẹ̀ oníkọnkéré tí a ó sá a sí ni ọ̀pọ̀ wọn kò ní.

Náítírójìn ni ewé ń mú wá. Agúnmaniyè kì í ṣe àlejò nínú oko kòkó, nǹkan bí ìdá 20 sí 25 sì ni amúaradàgbà ewé rẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni B. T. Kang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA ti ń gbin irú igi bẹ́ẹ̀ ní ìlà-ìlà láàárín àgbàdo. Ní àwọn ọdún 1980, ILCA, tó di ara ILRI ní 1994, fi ewé rẹ̀ bọ́ àgùntàn àti ewúrẹ́ ní agbègbè wa. Òórùn rẹ̀ lè jẹ́ kí ẹran kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí a bá jẹ́ kí ewé náà rọ díẹ̀, tí a sì ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un, yóò mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Akọ màálù kílò 250 máa ń jẹ nǹkan bí kílò 6 oúnjẹ gbígbẹ lóòjọ́. Bí 50 nínú 100 rẹ̀ bá jẹ́ èèpo, tí 30 jẹ́ ewé agúnmaniyè, tí 20 sì jẹ́ kéèkì ẹ̀kùrọ́, tí òun náà ní nǹkan bí ìdá 18, amúaradàgbà inú oúnjẹ náà yóò lé díẹ̀ ní ìdá 12. Koríko díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹran lè máa jẹ àpọ́jẹ. Sóyà kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kan náà ló fi ibi tó ti nira hàn: ìpín ewé náà tó kílò 7 ní tútù fún màálù kan. Ẹni tó ní màálù 10 yóò gé kílò 70 láràárọ̀, kò sì sí ìsinmi ọjọ́ Àìkú nínú rẹ̀.

Bí ewé náà bá dára tó báyìí, kí ló dé tí àgbẹ̀ kò fi gbìn ín káàkiri láti ogójì ọdún sẹ́yìn? Iṣẹ́ ọwọ́ wà lára ìdí rẹ̀. Èyí tó wúwo jù lójú tèmi ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó gbin igi ti ń sọ pé òun kò lọ mọ́. Àtìpó tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin ẹ̀gẹ́ àti iṣu bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n bó bá ri igi tó máa pẹ́ mọ́lẹ̀, onílẹ̀ á béèrè ohun tó ní lọ́kàn. Obìnrin tó ń fi oko ọkọ rẹ̀ dáko wà nínú ìdè kan náà, Fúlàní inú gàá kò tilẹ̀ ní ẹnu láti béèrè. Àwọn onímọ̀ kó irúgbìn wá, wọn kò kó ìwé àdéhùn wá. Ọ̀nà àbáyọ tí mo rí ni kí onílẹ̀ fúnra rẹ̀ gbin agúnmaniyè sí ààlà, níbi tí a ti máa ń ri pèrègún, kí ó máa ta ewé rẹ̀ fún ẹni tó bá ní màálù. Igi ààlà tí onílẹ̀ gbìn kò lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀.

Àwọn yòókù kò gba àlàyé gígùn. Sóyà àti ẹ̀pà, ènìyàn àti adìẹ ń jà lé wọn lórí. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù fàyè gba ìdin fún ẹja ọ̀sìn ní 2017, fún adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ ní 2021, kò sí màálù níbẹ̀. Yúríà lè bọ́ kòkòrò inú ṣàkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá ju nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 oúnjẹ lọ, ó lè pa ẹran kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n tó péye, kó jìnnà sí i. Ní ti ẹ̀jẹ̀ àti egungun odò ẹran, ojú Ìlú Ọba ti rí tiwọn. Wọ́n lọ àjẹkù ẹran mọ́ oúnjẹ màálù nítorí ó pọ́ọ́kú. Ní 1986, àrùn ọpọlọ màálù yọjú, ìjọba fòfin de àṣà náà ní 1988, ó sì lé ní 180,000 màálù tó lùgbàdì rẹ̀. Ní 1996, ìjọba wọn gbà pé ó ṣeé ṣe kí àrùn náà ti máa ran ènìyàn.

Àpòmù ti jẹ́ ọjà tí ará Ifẹ̀, Òwu, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ ti ń pàdé láti ayé àtijọ́, ìjà ọjà náà sì wà lára ohun tó fa ogun Òwu. Ìlú tó mọ adùn òwò tó sì mọ oró ìjà ni. Darandaran tó ń ra èèpo lọ́wọ́ onígàrí, tó ń ra ewé lọ́wọ́ olóko, yóò ronú kó tó da ẹran wọ oko oníbàárà rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ìwà ọ̀daràn kò gba oògùn òwò, òdodo ni wọ́n sọ. Àwọn tí ebi ẹran ń lé wọ oko ni mò ń bá wí.

Ohun tí mo ń bẹ ìjọba ìbílẹ̀ Irewọlé àti Ìṣọ̀kan fún kò pọ̀: kí wọ́n da kọnkéré sí ilẹ̀ ìsáǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé gàrí ńlá kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, kí wọ́n sì pe onílẹ̀, onígàrí àti àwọn ará gàá jókòó láti fi iye owó ewé àti èèpo sínú ìwé.