Frejon: Oúnjẹ Ọjọ́ Ẹtì Rere Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀rí Ìtàn Àwọn Àgùdà ní Èkó

Ìfáárà
Ìwé àti ilé àtijọ́ ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń wo fún ẹ̀rí ìtàn. Ẹ̀rí wà nínú ìkòkò pẹ̀lú. Frejon, oúnjẹ tí ọ̀pọ̀ ará Èkó máa ń jẹ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, ni iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀wò.

Àwọn Àgùdà
Àgùdà ni wọ́n ń pe àwọn tí wọ́n tà lẹ́rú sí Brasil àti Kúbà, àti irú-ọmọ wọn, tí wọ́n padà wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú Mùsùlùmí ní Bahia ní 1835, ìjọba ibẹ̀ lé àwọn kan jáde. Àwọn mìíràn fi owó ara wọn wọkọ̀. Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó ni ọ̀pọ̀ wọn tẹ̀dó sí. Nítorí wọn ni wọ́n ṣe ń pe ìjọ Kátólíìkì ní Ìjọ Àgùdà títí di òní.

Oúnjẹ Náà
Inú feijão, tí í ṣe ẹ̀wà ní èdè Potogí, ni orúkọ frejon ti wá. Wọn yóò se ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀, wọn yóò lọ̀ ọ́, wọn yóò sì sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi omi tí wọ́n fún lára àgbọn rírin àti ṣúgà sí i, tí wọn yóò tún gbé e kaná. Àwọn mìíràn a máa fi kànáfùrù sí i. Ọbẹ̀ ata àti ẹja ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, nítorí ìjọ kò gba ẹran láàyè lọ́jọ́ náà. Wọn a sì bù ú fún aládùúgbò, ìbáà ṣe Mùsùlùmí. Ní Bahia pẹ̀lú, ẹ̀wà alágbọn jẹ́ oúnjẹ Ọ̀sẹ̀ Mímọ́.

Àwọn kan ka frejon sí oúnjẹ òyìnbó lásán. Ṣùgbọ́n àkàrà bá àwọn ẹrú kọjá òkun, ó sì di acarajé ní Bahia. Frejon ni ó bá àwọn ọmọ wọn padà. Ẹ̀wà ni méjèèjì. Èkíní gbé orúkọ Yorùbá lọ, èkejì gbé orúkọ Potogí bọ̀.

Àgbálọgbábọ̀
Ní 2016, wọ́n wó Ilojo Bar, ilé Àgùdà tí ìjọba ti sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Bí ilé ti ń wó, oúnjẹ ṣì ń sọ̀rọ̀. Ní Ìyànà Ìpájà, tó jìnnà sí Pópó Àgùdà, níbi tí àwọn ọmọ onírúurú ìlú ti ń jókòó pọ̀ ní kíláàsì, olùkọ́ lè fi àwo frejon kan kọ́ wọn ní ìtàn òwò ẹrú àti ti ìpadàbọ̀. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn.