‘Gift’: Ẹ̀bùn Lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, Májèlé Lẹ́nu Ará Jámánì

Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà, ‘gift’, lára ìgò kan ní Jámánì, ẹ má ṣe rò pé wọ́n fẹ́ ta yín lọ́rẹ o. Májèlé ló wà nínú ìgò náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Sweden, Denmark àti Norway. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ òbí ní Nàìjíríà fi ń sọ ọmọ wọn lórúkọ, nítorí pé ẹ̀bùn ni Gẹ̀ẹ́sì pè é.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ méjì ló ṣèèṣì jọra. Ọ̀kan ṣoṣo ni, inú ọ̀rọ̀-ìṣe tó túmọ̀ sí ‘fún ni’ ló sì ti jáde, èyí tó di ‘give’ nínú Gẹ̀ẹ́sì àti ‘geben’ ní Jámánì. Ẹ̀bùn gan-an ni àwọn ará Jámánì àtijọ́ ń pè ní ‘gift’.

Báwo ló ṣe wá di májèlé? Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn ló fà á. Àwọn Gíríìkì ń pe ìwọ̀n oògùn tí a fún aláìsàn ní ‘dosis’, èyí tó túmọ̀ sí fífúnni. Látìn gbà á lọ́wọ́ wọn, àwọn ará Jámánì sì fi ‘gift’ túmọ̀ rẹ̀. Ohun tí a fún ni mu lè woni sàn, ó sì lè pani. Ẹnu kì í yá láti dárúkọ májèlé, wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ tó dùn gbọ́ létí bò ó, títí ọ̀rọ̀ náà fi gba oró. Èyí kò lè ṣòro fún Yorùbá láti mọ̀, àwa tí a ń ra oògùn ibà àti oògùn eku, tí a sì ń pe méjèèjì ní oògùn. Marcel Mauss, onímọ̀ ará Faransé, gba ọ̀nà mìíràn nínú àròkọ tó kọ ní 1924: ó ní ọtí ni wọ́n sábà máa ń fi tọrẹ láyé àtijọ́, ẹni tí a sì gbé e fún kì í mọ̀ bóyá májèlé wà nínú rẹ̀. Àlàyé náà dùn, ṣùgbọ́n ti àwọn oníṣègùn ló fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lójú tèmi.

Ìtumọ̀ àtijọ́ náà kò kú tán. ‘Mitgift’ ni Jámánì ń pe ẹrù tí òbí dì fún ìyàwó lọ sílé ọkọ. Ní Sweden, Denmark àti Norway, ‘gift’ tún ni ẹni tó ti ṣègbéyàwó, nítorí pé a ti fi ọmọ fọ́kọ. Àwọn aláwàdà ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sinmi. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ pàápàá, owó orí ìyàwó ni. Èdè àwọn jagunjagun tó ti Denmark àti Norway wá tẹ̀dó sí England láti ọ̀rúndún 9 ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí ‘gift’ tó ń lò lónìí.

Àwọn Dutch ní tiwọn fi lẹ́tà kan ya wọ́n: ‘gift’ ni ẹ̀bùn, ‘gif’ ni májèlé.