Ìràwọ̀ Ọkọ̀: Láti Ilẹ̀ Íjíbítì dé Ọ̀sà Bariga

Nínú Assassin's Creed Origins, géèmù tí ilé-iṣẹ́ Ubisoft gbé jáde ní ọdún 2017, agbo òkúta 12 ló wà káàkiri ilẹ̀ Íjíbítì àtijọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, Bayek, akọni eré náà, yóò dúró láàárín agbo, yóò sì gbójú sókè. Ẹni tó ń gbá géèmù yóò wá máa sún àwòrán onílà kan kiri ojú ọ̀run títí tí yóò fi bá àwọn ìràwọ̀ mu rẹ́gí. Nígbà náà ni Bayek yóò rántí ìtàn tó máa ń sọ fún Khemu, ọmọ rẹ̀ tó ti kú. Àlọ́ àpamọ̀ ni, ìràwọ̀ sì ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ọmọ ilé-ìwé tó ń gbá géèmù yìí ní Ṣómólú tàbí Bariga kò jìnnà sí irú àlọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sà Èkó ló wà níhà ìlà-oòrùn Bariga, níbi tí àwọn Ìlàjẹ ti ń tukọ̀ pẹja. Ní ọdún 1894, A. B. Ellis, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì kan, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn tó ń sọ èdè Yorùbá pé "ìràwọ̀ ọkọ̀" ni wọ́n ń pe ìràwọ̀ tí Òyìnbó ń pè ní Sirius, nítorí pé ó ń tọ́ àwọn atukọ̀ sọ́nà. Orúkọ náà yẹ ẹ́. Kò sí ìràwọ̀ mìíràn tó mọ́lẹ̀ tó o lóru. Àgùàlà tó tàn jù ú lọ kì í ṣe ìràwọ̀ gidi.

Àwọn ará Íjíbítì náà mọ̀ ọ́n. Sopdet ni wọ́n ń pè é. Yóò fara sin fún nǹkan bí 70 ọjọ́, bó bá sì tún yọ ní ìdájí, wọ́n mọ̀ pé odò Náílì fẹ́ kún. Nínú àwòrán ojú ọ̀run tí wọ́n gbẹ́ sí àjà tẹ́ńpìlì Dendera ní nǹkan bí ọdún 50 ṣáájú ìbí Kristi, sáà tí géèmù náà dá lé lórí gan-an, màlúù tó dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ṣàpẹẹrẹ ìràwọ̀ yìí. Àwọn Faransé gé òkúta náà lọ ní 1821. Louvre ní Párísì ló wà báyìí.

Ọkọ̀ lọ́hùn-ún, ọkọ̀ níhìn-ín! Ibí yìí ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní 1948, àlùfáà Áńgílíkà J. Olumide Lucas tẹ The Religion of the Yorubas jáde, ó sì ń jà nínú rẹ̀ pé Íjíbítì ni ìpìlẹ̀ ẹ̀sìn àti èdè Yorùbá. Bí Bayek ṣe ń ṣe nínú agbo òkúta ni òun náà ṣe: ó gbé ọ̀rọ̀ Íjíbítì lé ọ̀rọ̀ Yorùbá, ó ń wá ibi tí ìró wọn ti jọra. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe géèmù ti fi ìtumọ̀ kan ṣoṣo pamọ́ sójú ọ̀run ṣáájú. Ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Joseph Greenberg pín àwọn èdè Áfíríkà sí ẹbí-ẹbí ní 1963, ẹbí Niger-Congo ni Yorùbá bọ́ sí, Íjíbítì àtijọ́ sì bọ́ sí Afroasiatic. Ní ti ìràwọ̀, èyí tó tàn ju gbogbo wọn lọ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ti òkèèrè wá fi hàn ẹni tó ń tukọ̀ lóru.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án alẹ́, ẹni tó bá dúró létí omi ní Bariga, tó kọjú sí ìlà-oòrùn, tó sì yí díẹ̀ sí gúúsù, yóò rí i lókè ọ̀sà. Bí iná mànàmáná bá lọ, á tún hàn dáadáa sí i.