Ẹ̀bùn Ni, Tàbí Gbèsè? Ìtàn Owó Ìrànwọ́ fún Ẹ̀kọ́ Gíga

Ìtàn owó tí a fi ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ni mo mú wá lónìí. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tí a bá fún ní irú owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dáhùn ìbéèrè kan: ṣé ẹ̀bùn ni, tàbí gbèsè?

Ní ayé àwọn baba wa, ìbéèrè yìí kì í rú ẹnikẹ́ni lójú. Bí ènìyàn bá yá owó, onígbọ̀wọ́ wà níbẹ̀, ó sì mọ iye rẹ̀. Bí ó bá fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, ó mọ̀ pé iṣẹ́ ọmọ náà dípò èlé ni, àti pé owó tí òun yá kò dín kù títí òun yóò fi san án. Ètò ìwọ̀fà le, ó sì dára bí ó ti kásẹ̀ nílẹ̀; ṣùgbọ́n àdéhùn rẹ̀ kò fara sin.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀-Oòrùn yìí ni Ìgándò wà nígbà náà, nítorí ọdún 1967 ni a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìjọba pè é, ọ̀fẹ́ náà ni ìyá ọlọ́jà sì mọ̀ ọ́n sí.

Ti ẹ̀kọ́ gíga kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1972, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tí ó dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n yá a kò san án padà. Àwọn kan kò tètè rí iṣẹ́. Àwọn mìíràn gbà pé ìpín tiwọn nínú owó ìlú ni. Ní 1993, òfin mìíràn fi báńkì ẹ̀kọ́ rọ́pò àjọ náà, ṣùgbọ́n òun náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni owó ilé-ìwé ń gòkè. Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́, tí kò jìnnà sí Ìgándò, owó tí ó jẹ́ 25,000 náírà di 193,750 sí 348,750 fún àwọn ọmọ tuntun ní 2011. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀hónú hàn, ìjọba sì dá a padà sí 25,000 ní 2014.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tuntun lórí owó yíyá fún akẹ́kọ̀ọ́. Òfin náà ní kí owó tí ń wọlé fún ìdílé akẹ́kọ̀ọ́ má ju 500,000 náírà lọ lọ́dún, kí ó sì ní onígbọ̀wọ́ méjì tí wọ́n wà ní ipò pàtàkì. Ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù kò lè rí irú onígbọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀. Òfin tí ó rọ́pò rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024 mú ìdènà méjèèjì kúrò. Owó náà kò ní èlé. Ilé-ẹ̀kọ́ ni a ń san owó ẹ̀kọ́ fún. Owó oúnjẹ, tí ó jẹ́ 20,000 náírà lóṣù nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, ń bọ́ sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ó bá sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán, tí ó sì ti rí iṣẹ́, ni a óò bẹ̀rẹ̀ sí yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀.

Àdéhùn yìí dára, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí òkùnkùn lè gbà wọ inú rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àjọ tí ń yá owó náà fi ẹ̀sùn kan àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan pé wọn kò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé owó rẹ̀ ti dé. Ẹ wò ó: òbí lè ti sáré yá owó èlé san fún ilé-ẹ̀kọ́, nígbà tí gbèsè mìíràn ti wà lọ́rùn ọmọ rẹ̀ fún owó ẹ̀kọ́ kan náà.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ayẹ̀wéwò ìjọba sọ ní oṣù kejìlá ọdún 2022 pé nínú 100 ilé-ẹ̀kọ́ gíga, nǹkan bí 91 kì í kọ iye gan-an tí yóò kù fún ìdílé láti san sínú lẹ́tà wọn, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ kéré sí bí ó ti rí. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń ro ẹ̀bùn àti gbèsè pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni.

Nítorí náà, kí a tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ jẹ́ kí a béèrè nǹkan mẹ́rin. Èló ni ẹ̀bùn nínú rẹ̀, èló sì ni gbèsè? Ọwọ́ ta ni owó náà ń lọ? Èló ni yóò kù fún wa láti san? Ìgbà wo ni a óò dá a padà, báwo sì ni? Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá kọ ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ojú ìwé kan, ní èdè tí òbí gbọ́, ti ṣe ojúṣe rẹ̀. Owó tí a kà lójú gbogbo ènìyàn kì í dá ìjà sílẹ̀.